Ọkùnrin Tí Ń Ṣọ́ Makirofóònù

Bí ìsinmi bá jẹ́ oúnjẹ, ebi ì bá ti pa ọkùnrin yìí tipẹ́. Òun ni alábòójútó amóhùnmáwòrán, kámẹ́rà àti makirofóònù ní ilé iṣẹ́ kan tí ń ta ẹ̀rọ tí a fi ń fa omi. Tọ̀gá-tọmọṣẹ́ ni ó ń pè é ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí gbólóhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn, kí ó tó rántí kí ènìyàn. Kò bínú sí orúkọ náà. Ó gbà pé bí ayé bá gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, ẹrù ayé ì bá pẹ́ ju báyìí lọ.

Bí ẹni ń tọ́jú ẹyin ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Rìmóòtù wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, a máa ní òun kò bá obìnrin kankan du ọkọ, àfi ohun tí ń tàn lára ògiri.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó jẹun."

"Mo ti jókòó."

"Ìdí yín ló jókòó. Ẹsẹ̀ yín ti dé ọ́fíìsì."

Kì í ṣe pé ọgbọ́n kò sí nínú àìsinmi náà. Amóhùnmáwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, tí ó yẹ kí ó máa júwe yàrá ìpàdé fún àlejò, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó rà á, nítorí pé ó ń dán. Ó dán lóòótọ́. Bí oòrùn bá ti yọ, dígí ni. Àwọn àlejò a dúró níwájú rẹ̀, wọn a tún fìlà ṣe, wọn a sì ṣìnà. Má-fọwọ́-kàn-án ni ó yan èyí tí ojú rẹ̀ kò dán, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì lágbára tó láti hàn nínú oòrùn, tí ó sì gbé e sókè kúrò níbi tí ọwọ́ lè tó. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá àgbà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ti gbé ọ̀kan nínú yàrá ìpàdé mẹ́rin lé e lọ́wọ́.

"Yan ohun tó bá wù ọ́ síbẹ̀. Bí ó bá dára, ìwọ náà ni wàá yan ti mẹ́ta tó kù. Bí kò bá dára, agbaṣẹ́ṣe tó ń pè mí láràárọ̀ yẹn ni màá gbé gbogbo rẹ̀ fún. Ìwọ á wá máa bá wa nu eruku."

Kí agbaṣẹ́ṣe máa yan ẹ̀rọ, kí òun máa nu ún! Lójú rẹ̀, bí ìgbà tí àjèjì bá ń sọ ọmọ ẹni lórúkọ ni.

Nítorí náà ó yàn án bí ẹni ń yan aya fún àrẹ̀mọ. Ó jókòó sórí gbogbo àga yàrá náà láti wò ó bóyá ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè ka ohun tí a kọ. Ó kọ amóhùnmáwòrán tó tóbi jù, kí àwọn tó wà níwájú má baà máa gbójú sókè bí ẹni ń wá ọsàn lórí igi. Makirofóònù pẹlẹbẹ kan ni ó gbé sí àárín tábìlì. Ó dán an wò, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, inú rẹ̀ dùn. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé pàtàkì kan tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ bá àwọn oníbàárà ìlú òkèèrè ṣe, akọ̀wé àwọn oníbàárà náà pè ṣáájú láti dán ẹ̀rọ wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú àgbá lẹ wà ni? Bí ẹni wà nísàlẹ̀ kànga la ṣe ń gbọ́ yín."

Ọ̀gá àgbà kò pariwo. Ó wo aago, ó wo Má-fọwọ́-kàn-án. "Agbaṣẹ́ṣe sọ fún mi pé irú èyí kì í gbé ohùn dáadáa." Ó sì jáde.

Ọkùnrin wa wọ abẹ́ tábìlì. Ó tú wáyà, ó so wáyà. Ó fi ohùn kún un, ẹ̀rọ han gooro bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí ọgbọ́n tán, ó fi ẹ̀rọ yàrá náà pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, báwo lo ṣe ń gbọ́ mi?"

"Bí ẹni tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí tó ń ráhùn."

Ó sún wáyà. "Ní báyìí ńkọ́?"

"Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà ni. Kí lẹ fi bo ẹnu?"

"Èmi? N kò fi nǹkan kan bo…"

Ojú rẹ̀ bọ́ sára makirofóònù. Ọ̀rá wà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wé e, lẹ́yìn tó ti dán an wò tán, nítorí tíì tí àwọn ọ̀gá ń mu lórí tábìlì yìí. Ó fà á le, ó fi rọ́bà dè é nísàlẹ̀. Ọ̀rá náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń kọjá lára rẹ̀ láìrí i.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ọ̀gá àgbà a máa fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀, ife kì í sì í jìnnà sí i. Níkẹyìn ó di ojú, ó bọ́ ọ̀rá náà bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tuntun nínú òtútù.

"Háà!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ ti jáde! Mo tiẹ̀ ń gbọ́ èémí yín. Ẹ ò tíì jókòó láti àárọ̀, àbí?"

Ó gé ìpè náà. Obìnrin tó ń gbé tíì káàkiri ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dákun, orí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé yẹn ni kí ẹ gbé tíì sí."

"Ṣé fèrèsé ló fẹ́ mu ún ni?"

Obìnrin náà gbé àwo tíì kọjá lọ sórí tábìlì ìpàdé. Àwọn ọ̀gá wọlé, ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àgbà gbé ife tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ makirofóònù gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣàlàyé. Má-fọwọ́-kàn-án dúró sẹ́yìn àga. Ó lọ sọ́tùn-ún, ó lọ sósì. Níbi tí ife bá wà ni ojú rẹ̀ wà.

"A ń gbọ́ yín kedere," ni bàbá àgbàlagbà kan nínú àwọn oníbàárà wí láti ọ̀hún. "Ẹ̀rọ yín dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń rìn lọ rìn bọ̀ níbẹ̀ yẹn? Ó dà bí ẹni pé iwájú wa níbí ni bàtà rẹ̀ wà."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, sà. Alábòójútó ẹ̀rọ wa ni," ni ọ̀gá àgbà wí.

"Ẹ ní kó jókòó, ó kú iṣẹ́."

Ó jókòó. Àga ké.

"Ìyẹn náà, a gbọ́ ọ o," ni bàbá náà wí.

Ọ̀gá àgbà fi ìka júwe ilẹ̀kùn. Lójú ọ̀nà àárín ilé ni ọkùnrin wa ti lo ìyókù ìpàdé náà, tí ó ń rìn, tí ó ń fi etí lélẹ̀ bóyá òun yóò gbọ́ ìró nǹkan tó dà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀rín wà lẹ́nu ọ̀gá àgbà.

"O ti gba yàrá mẹ́ta tó kù. Lọ bẹ̀rẹ̀ sí í yan nǹkan wọn."

"Ẹ ṣé o, mà. Ife yín ńkọ́?"

"Ife wo?"

"Ife tíì, mà. Ṣé ẹ mu ún tán?"

Ọ̀gá àgbà tẹjú mọ́ ọn. "Mo fún ọ ní yàrá mẹ́ta, ife lò ń béèrè?"

Ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ife náà wà níbẹ̀, tíì kún un dé ìdajì, àwo pẹlẹbẹ rẹ̀ sì gun orí wáyà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì padà wá kó àwọn ìyókù.