Lẹ́tà tí Mùtíù mú wá fún mi

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí Fesibúùkù.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Òyìnbó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níbí ní Ẹdẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá àgbà wa dúró ní àsẹ́ńbìlì, ó ní èmi ni mo ta ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ọmọ. Irọ́ gbuu! Wọ́n lé mi lọ sí ìlú Ara, ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó yá, àṣírí tú pé akọ̀wé ọ́fíìsì rẹ̀ ló tà á. Ta ló wá bẹ̀ mí? Kò sẹ́nì kankan.

Títí di òní, "Tíṣà Expo" ni wọ́n ń pè mí nílé ọkọ mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ kí n tó kú: kí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ṣẹ̀ mí.

Mùtíù ló mú lẹ́tà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni nígbà kan, òun sì ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀ báyìí. Mo wọ awò ojú mi. "We regret what happened to you." Mo tún un kà, mò ń wá "apologise". Kò sí níbẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi tó jókòó tì mí ní kí n jọ̀ọ́ gbà á, pé bákan náà ni méjèèjì. Bákan náà kẹ̀? Bí òjò bá wó ilé mi, gbogbo àdúgbò ló lè "regret" rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ wó o ló ń "apologise".

Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo na bírò sí Mùtíù, mo ní kó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan yẹn. Kò gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní ìyàtọ̀ wọn. Ìdí tí mo fi kọ ìyẹn nìyẹn. Bí mo bá kọ ìkejì, ilé-ẹ̀kọ́ ti gbà pé òun jẹ̀bi."

Ọmọ náà mọ iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ dáadáa.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé èèyàn lè mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ délẹ̀délẹ̀, kó sì fi í sá fún òótọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ohun tó jọ ẹ̀bẹ̀ tàn yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á. Kò sí lẹ́tà mìíràn tí mò ń retí mọ́.