Ẹsẹ̀ Òsì Bàtà Ìyá Mi

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí eyín ọmọdé ò tíì tán lẹ́nu mi, Niangon ní ìlú Abidjan là ń gbé, nínú àgbàlá kan tí yàrá mẹ́jọ yí ká. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jókòó dáadáa. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń fi bẹ́líìtì na ọmọ ajá yín láàárọ̀ yìí torí pé ó jẹ okùn fóònù. Ẹ gbé bẹ́líìtì yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn-ún sọ, ẹ má sì wò mí lójú jù tí mo bá ń sọ ọ́.

Ọdún tí gbogbo ayé ń pariwo pé "l'an deux mille", ọdún ẹgbẹ̀rún méjì, ń bọ̀, pé kọ̀ǹpútà máa kú, pé ayé máa parẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Èmi ò rí ti ayé rò. Ajá ni mo fẹ́. Ìyá mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Mùsùlùmí ni wá, pálọ̀ wa sì ni àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù ti ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó ní itọ́ ajá ń ba àlùwàlá jẹ́, pé òun ò lè tọ́ ọmọ tán kóun tún máa tọ́ ajá.

Ẹni tó bá mi bẹ̀ ẹ́ ni bàbá kan tó ń gbé yàrá ẹnu géètì. Bàbá Èbúté là ń pè é, torí pé èbúté Abidjan ló ti ru ẹrù láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ará Èjìgbò ni. Àpótí ẹrù kan ló já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀ òsì níbẹ̀, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún. Lẹ́yìn ìyẹn, ajá ló ń fi ṣọ́ ilé ẹrù kan fún wọn, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Igi méjì ló ń fi sábẹ́ abíyá rìn. Ó mọ bí a ti ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín. Tó bá ra bàtà tuntun, á gbé ẹsẹ̀ òsì kọ́ sára ògiri, á ní ẹnì kan ń bẹ níbì kan ní Abidjan yìí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n gé ní tiẹ̀, pé ọjọ́ táwọn bá pàdé, àwọn á jọ máa ra bàtà pọ̀, kí ìdajì rẹ̀ yéé ṣòfò.

Òun ló gba ọmọ ajá náà wá lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí tọ́ ọ. Èmi ni mo dúró fún un." Ìyá mi ò lè kọ̀ fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọlé, ó fà mí létí, ó ní ọjọ́ tí ajá náà bá fẹnu ba nǹkan ẹnikẹ́ni jẹ́ nínú àgbàlá yìí, ọjọ́ náà lòun máa fà á lé àwọn tó ń jẹ ajá lọ́wọ́. Ìyá mi kì í sì í sọ ohun tí kò ní í ṣe.

Bobi la sọ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bobi ni gbogbo ajá ń jẹ́ nígbà yẹn. Ó pupa, etí rẹ̀ kan dúró, ìkejì wó. Nígbà tó tó bí oṣù mẹ́rin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nǹkan: ìgbálẹ̀, ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó, okùn àpò ìwé mi. Kí lèmi ṣe? Ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe ni. Mo nà án. Mo lè ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, kí n rí ohun tó ti jẹ láti àárọ̀, kí n gbé e tì í nímú kí n máa nà án. Ajá ò mọ ohun tí mò ń tìtorí rẹ̀ na òun. Ohun kan ṣoṣo tí lílù náà kọ́ ọ ni pé kó máa gbé nǹkan sá lọ jẹ níbi tí mi ò ti ní í rí i.

Ó wá kan bàtà. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà wọ pálọ̀, ẹnu ọ̀nà la máa ń bọ́ ọ sí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù jáde, kò rí ẹsẹ̀ ọ̀tún sílípáàsì rẹ̀, sílípáàsì rọ́bà tí tọkùnrin tobìnrin ń wọ̀ yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di bàtà dúdú ọkùnrin aládùúgbò wa kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, sílípáàsì míì, ọ̀tún náà ni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ pé ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Mo rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn balùwẹ̀, ó ti rún wọn jákujàku. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin wọ́n, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan.

Àwọn àgbà ń bi ara wọn pé irú olè wo ló ń jí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wá fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé, "Ẹni tó lẹ́sẹ̀ ọ̀tún nìkan ńkọ́?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ìdajì bàtà òun ń ṣòfò. Àwàdà tó fi ń pa wá lẹ́rìn-ín ni wọ́n yí padà tí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́.

Ìyá mi nìkan ni kò tètè gbà. Láàárọ̀ Sátidé kan, kó tó lọ sọ́jà Adjamé, ó dúró, ó wo Bobi títí, ó ní, "Àbí ajá yìí ni?"

Kò tíì pẹ́ tó jáde tí mo bá Bobi lẹ́yìn balùwẹ̀. Sálúbàtà aláwọ tí bàbá mi rà bọ̀ fún ìyá mi láti Ìlọrin ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ti rún gìgísẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo fà á gbà, mo rí eyín kékeré kan tó há sínú awọ náà, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀. Eyín Bobi ni. Eyín tèmi náà ṣì ń yọ lọ́dún yẹn, ó yẹ kí n mọ bí ẹran eyín ṣe ń yún ni. Kò yé mi. Ohun tí mo rí ni pé ẹsẹ̀ òsì ni.

Ẹ gbọ́ ọ yé. Òsì ni. Tí ìyá mi bá dé, tó bá ọ̀tún nílẹ̀ tí kò rí òsì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí Bàbá Èbúté nìyẹn, torí kí ni yóò fi bàtà ẹsẹ̀ òsì ṣe? Ajá ló kù. Nítorí náà, mo lọ mú ọ̀tún tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ju òsì sínú gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, omi gbé e lọ. Mo mú ọ̀tún dání, mo rìn lọ sápá géètì, mo sì gbé e sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà bàbá náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló bà mí, pé mo gbúròó ẹsẹ̀ èèyàn, pé ṣe ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Mo mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tí mo gbé e sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹnì kan fẹ́ bu omi tó sì rí i. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Èbúté, torí pé ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kó wà ní ìdúró bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, bàtà mi rèé lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù yín. Tí bàtà bá ń wù yín, ẹ ò bá ti sọ fún wa." Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni, ó sì burú ju èébú lọ. Gbogbo àgbàlá dúró, wọ́n ń wò ó. Bàbá náà gba bàtà náà, ó gbé e ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo. Kò gba ìdajì ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa rí i. Ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé ó ń tà á ni. Ta ní í ra bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan? Ẹni tó bá ti fẹ́ rí olè, olè náà ló máa rí.

Bàbá náà fi àtàǹpàkò ra awọ bàtà náà díẹ̀díẹ̀. Bobi ti kọ́kọ́ géyín sí i níbì kan, èmi ò rí i. Ẹni tó ti fi ajá ṣọ́lé fún ọdún púpọ̀ mọ ojú eyín ajá. Ó gbójú sókè, ó wò mí, mo wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀." Ó tẹ igi rẹ̀ wọlé.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi? Inú mi dùn ni! Bobi ti bọ́. Mo jẹ àtíẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, yó bámúbámú lọ́jọ́ yẹn. Ìtìjú tí mò ń sọ fún yín yìí, kò wá nígbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, tí àlejò bá wọ géètì, á bọ́ bàtà, á gbé e dání kọjá níwájú bàbá náà. Àwọn ọmọ àgbàlá sọ ọ́ ní "voleur un pied", olè ẹlẹ́sẹ̀ kan. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má bàa fura sí mi. Kò tó oṣù méjì tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Bingerville. Àwọn ìyá ti dúró de obìnrin náà ní géètì, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rí bó ṣe doríkodò.

Kí takisí tó gbéra, bàbá náà pè mí. Ó na awọ màlúù gbígbẹ kan sí mi, ó nípọn, ó gùn tó apá mi. Ó rọra sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì má gbọ́: "Eyín rẹ̀ ló ń pààrọ̀. Èyí ni kó o fún un kó máa rún. Máa kó bàtà sókè, kó o sì yéé nà án. Kò ní í pẹ́ tí á fi í sílẹ̀." Kò bá mi wí rárá. Bobi rún awọ náà fún oṣù méjì, eyín rẹ̀ pé, kò sì fẹnu kan bàtà ẹnikẹ́ni mọ́ títí tó fi kú.

Mo tó ọmọ ogún ọdún kí n tó sọ fún ìyá mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú rẹ̀, mo ti múra sílẹ̀ de ẹkún. Ẹ̀rín ló rín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbé fóònù, ó ń pe àwọn ìyá àsàlátù lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ wá gbọ́, ajá ni o!" Àwọn náà rín. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ bẹ bàbá náà. Èmi náà ò sọ ọ́.

Ó tún tó ọdún kan kí n tó wọ gbáká, ọkọ̀ akérò wọn, lọ sí Bingerville. Bàbá Èbúté ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, kò dá mi mọ̀. Mo kí i, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kíá ló bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàtà mi wọlé, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín téèyàn ń rín tójú bá ń tì í. Ó ní, "Má bínú, àbúrò mi, ó ti mọ́ wa lára ni. Bàbá wa ní ìṣe kan nígbà ayé wọn, a máa ń gbé bàtà àlejò pa mọ́."

Gbogbo ọdún tí ọkùnrin yẹn fi gbé lábẹ́ òrùlé ọmọ rẹ̀, wọ́n ń gbé bàtà pa mọ́ fún un. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wá ní, "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?" Mo mọ ìdí rẹ̀. Tí bàbá náà bá sọ ọ́, Bobi ì bá ti wọ ìkòkò, èmi náà ì bá sì ti jẹgba.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin ń ra eegun rọ́bà fún ajá yín ní ilé ìtajà ńlá. Kámẹ́rà wà lẹ́nu géètì, tí nǹkan bá sọnù, ẹ ó wò ó nínú fóònù, ẹ ó sì rí ẹni tó mú un. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, ohun tójú èèyàn bá rí tẹ́nu rẹ̀ sì sọ nìkan lẹ̀rí. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí bàbá yẹn ní nínú gbogbo àgbàlá náà, èmi ni, mo sì fi í sílẹ̀ kó kú ní olè.