Ọwọ́ tí Verdell Ń Jù sí Àwọn Ọkọ̀

Ó rẹ Verdell Crenshaw. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tí í lọ. Láti ìgbà tí Earline ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti wà lára rẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára bí aṣọ iṣẹ́.

Wíwa agbégilódò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní Sardis Fork, ní ìgbèríko Alabama. Igi ló ń kó lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà. Ní báyìí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, dókítà sì ti ní kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ti kógbá sílé. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ra búrẹ́dì, òun náà ti tì. Orúnkún rẹ̀ kan kò ṣeé tẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò lè wa ọkọ̀ ní Sardis Fork, àfi kó jókòó kó máa wo igi. Verdell sì ti wo igi tó.

Ọmọ méjì ló bí. Nadine ni àgbà, Birmingham ló ń gbé. Curtis ni àbúrò, ó wà ní Mobile, létí òkun. Àwọn méjèèjì ní kó wá máa bá àwọn gbé. Nadine ní kò sí ibi tí dókítà pọ̀ tó Birmingham. Curtis ní òtútù Mobile kò tó nǹkan, orúnkún Bàbá kò ní máa ro ó. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí ọ̀kan bá gbé fóònù sílẹ̀, èkejì á pè.

"Bàbá, ẹ ti rò ó?"

"Mò ń rò ó."

"Láti ọdún Àjíǹde lẹ ti ń rò ó."

"Ṣé o rí i pé mò ń sáré ni?"

Hosie Tate, aládùúgbò rẹ̀, tó jẹ́ díákónì, kò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Ó máa ń wá jókòó tì í ní fàráńdà, á gbé ẹsẹ̀ lé orí àga Earline, Verdell á sì ní kó gbé e kúrò.

"Lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ oúnjẹ sè nínú wọn," ni Hosie wí.

"Nadine máa ń jó búrẹ́dì àgbàdo."

"Mobile nìyẹn."

"Ìyàwó Curtis kì í fi iyọ̀ sí nǹkan."

"Ha. Tìẹ ti bá ọ. Kú síbí o jàre, ká sin ọ́, ká sinmi."

Ohun tí Verdell wá ṣe ni pé ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun máa lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà ooru. Nínú oṣù kẹjọ, ní ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ọmọ ìjọ tó ti ṣí lọ máa ń padà wálé, òun máa sọ ibi tóun ń lọ. Ojú àwọn méjèèjì lòun máa sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ ṣáájú ẹnì kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá. Nígbà tó yá, ó dùn ún pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wà ńbẹ̀ o, òun ló fa gbogbo rẹ̀. Ní Sardis Fork, bí ọkọ̀ bá ń kọjá níwájú ilé rẹ, o máa gbé ọwọ́ sókè. Ì báà jẹ́ ẹni tó o mọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ṣìnà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà á gbé ìka kan kúrò lára sítíárì. Ó parí. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró. Ẹni tí kò bá gbé ọwọ́, wọ́n á ní wọn kò tọ́ ọ, tàbí kí wọ́n béèrè pé ta ló kú fún un. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Verdell àti Earline fi ń ṣe é ní fàráńdà. Earline kì í tiẹ̀ gbójú sókè lára ẹ̀wà tó ń pa, á ti gbọ́ ọkọ̀ náà kó tó yọ. "Ọmọ Tate nìyẹn," á wí, á sì na ọwọ́.

Mobile ló kọ́kọ́ lọ.

Ilé Curtis tóbi, tuntun ni. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, débi pé súwẹ́tà ni Verdell ń wọ̀ láàárín oṣù keje. Wọ́n fún un ní yàrá tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀. Simone ìyàwó Curtis kì í ké mọ́ ọn, edé ló máa ń dín fún un, kò kàn sí iyọ̀ níbẹ̀ ni. Àmọ́ ilé náà kò ní fàráńdà. Verdell gbé àga sẹ́nu ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó jókòó síbẹ̀.

Ọkọ̀ kì í pọ̀ ní àdúgbò náà. Bí ọ̀kan bá dé, ilẹ̀kùn ibi ìgbọ́kọ̀sí á ṣí fúnra rẹ̀, á gbé ọkọ̀ náà mì, á sì pa dé. Èèyàn kò ní rí ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Verdell ń gbé ọwọ́ sí wọn. Gíláàsì wọn dúdú, kò mọ̀ bóyá wọ́n rí i. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ará ilé kejì fi wá bá Curtis. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní bàbá àgbà kan ń jókòó sẹ́nu ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn, ó ń ju ọwọ́, ṣé ara rẹ̀ yá?

Curtis rẹ́rìn-ín sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, àmọ́ ojú tì í díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé àga yín sẹ́yìn ilé. Ẹ̀yìn ló dáa jù. Adágún omi wà níbẹ̀, ẹ lè máa wò ó."

"Ta ló ń gba ibẹ̀ kọjá?"

"Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá, Bàbá. Ìyẹn ló fi dáa."

Verdell lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Ó wo omi, oorun gbé e lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó sùn dáadáa ní Mobile. Ó sùn ju bó ti sùn láti ọjọ́ pípẹ́ lọ.

Curtis gbé e lọ wo òkun torí Earline máa ń sọ pé òun fẹ́ rí i, kò sì rí i títí ó fi kú. Verdell dúró sínú yanrìn. Yanrìn ń gbóná, orúnkún ń ro ó. Curtis ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de nǹkan.

"Ó dáa," ni Verdell wí.

"Ṣé ó dáa lóòótọ́?"

"Omi ni. Ó pọ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn ó lọ sí Birmingham.

Ilé àtijọ́ ni ilé Nadine, páànù orí rẹ̀ ń jò. Ó ní fàráńdà tó fẹ̀, ojú títì ló dojú kọ. Verdell mu kọfí rẹ̀ lówùúrọ̀, ó jókòó. Ọkọ̀ kan kọjá, ó gbé ọwọ́. Òmíràn kọjá, ó gbé ọwọ́. Bọ́ọ̀sì kọjá, ó gbé e fún awakọ̀, ó tún gbé e fún àwọn tó wà lójú fèrèsé. Wọn kò tán. Ó ń retí pé wọ́n máa tán, wọn kò tán. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó di ọ̀sán, apá ọ̀tún rẹ̀ ti wúwo, ó bọ́ sí tòsì. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀, kò lè gbé fọ́ọ̀kì dé ẹnu.

Nadine fi òróró pa apá náà fún un.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ kí gbogbo Birmingham?"

"Wọ́n ń kọjá."

"Wọ́n á máa kọjá! Ojú títì ni! Bí ayé bá parí, wọ́n á ṣì máa kọjá!"

"Èwo nínú wọn ni kí n má kí?"

Nadine bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ìyá rẹ̀ gan-an ló fi ẹ̀rín yẹn jọ. Verdell yíjú sápá kan.

Lọ́jọ́ kejì ó tún jókòó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é bí a kò bá ní ṣe é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó pupa kọjá, àkàbà àti garawa ọ̀dà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí i. Ọkọ̀ náà dúró gbàgà, ó rìn sẹ́yìn. Obìnrin kan yọ orí, ọ̀dà funfun wà nírun rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé? Ẹ pè mí?"

"Rárá. Mo kàn kí ọ ni."

"Ẹ kàn kí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń fọn fèrè ọkọ̀.

"Wọ́n ń bú ìyá mi lẹ́yìn yìí, torí ẹ kàn kí mi?"

"Èmi kọ́ ló ní kó o dúró."

Obìnrin náà wò ó. "Ibo lẹ ti wá?"

"Sardis Fork."

"Ó hàn," ni obìnrin náà wí. Ó pòṣé, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ pupa náà tún gba ibẹ̀. Obìnrin náà kò yíjú. Iwájú ló ń wò, bí ẹni tó ṣì ń bínú. Àmọ́ ìka kan dìde lára sítíárì.

Ìyẹn nìkan ni. Verdell kò mọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò kí gbogbo ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ pupa ló ń dúró dè, ó sì ń kí díẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí apá rẹ̀ bá gbé. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà kò bá kọjá, á máa rò ó pé kí ló ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú oṣù kẹjọ dé. Wọ́n jẹun lábẹ́ igi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kí àwọn tó wálé, wọ́n kí àwọn sàréè. Lẹ́yìn náà Verdell àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì padà sí fàráńdà ilé rẹ̀. Simone wà nínú ilé, ó ń bo oúnjẹ tó kù. Curtis ti ń sọ nípa irin tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri balùwẹ̀, kí Bàbá lè máa dì í mú.

"Birmingham ni," ni Verdell wí.

Nadine kò yọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Kí ló wà ní Birmingham tí kò sí lọ́dọ̀ mi?" ni Curtis béèrè.

Verdell kò lè sọ pé ọkọ̀ pupa. Bó bá sọ ọ́, yóò dà bíi pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Fàráńdà," ó wí.

"Màá kọ́ fàráńdà."

"Mo mọ̀ pé wàá kọ́ ọ."

"Kí ló wá kù?"

"Ta ló máa gba iwájú rẹ̀ kọjá?"

"Bàbá, ẹ ò lè sọ fún mi pé torí ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ ò ṣe wá sọ́dọ̀ mi."

"Kì í ṣe ìwọ. O ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó rẹ̀ mí ni, Curtis. Bí mo bá wá sọ́dọ̀ rẹ, màá sùn. Ibẹ̀ dáa fún oorun. Màá máa sùn níbẹ̀ títí, lọ́jọ́ kan ẹ ò ní mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mo ti kú."

Curtis dìde. Ó pe ìyàwó rẹ̀. Nadine fẹ́ gbé oúnjẹ lé e lọ́wọ́, ó ní kó fi sílẹ̀. Simone padà gbà á. Simone fẹnu kan Verdell ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Curtis kò gòkè sí fàráńdà mọ́.

"Màá pè yín," ni ó wí láti ìsàlẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀. Ó fi ẹ̀yìn jáde sójú ọ̀nà, eruku sọ. Ojú rẹ̀ le, kò wo apá ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó dé ibi àpótí lẹ́tà, ìka rẹ̀ dìde lára sítíárì. Bóyá òun fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀. Láti kékeré ni Verdell ti ń gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú agbégilódò, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Verdell gbé ọwọ́. Apá tó ń dùn ún ni. Ó gbé e sókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, títí eruku fi ń balẹ̀.

"Bàbá," ni Nadine wí, "ó ti lọ."

"Mo mọ̀."

Ó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí itan rẹ̀. Ó wúwo.