Orin Tí Wọ́n Fi Iyán Mi Dá

Ní ìparí ọdún, àwọn ọmọ ọmọ mi a máa ṣe eré kan nínú gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù. Olúkúlùkù yóò sọ orin tó fẹ́ràn jù nínú ọdún náà àti ohun tí orin náà ń rán an létí. Ẹni tó wà ní Èkó yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó wà lókè òkun yóò fi tirẹ̀ lé e. Wọn kì í bi mí. Wọ́n rò pé ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni arúgbó mọ̀. Lọ́dún yìí, èyí tó kéré jù nínú wọn rántí mi. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Èwo ni orin ọdún yín? Ẹ má sọ pé ti ìsìnkú o!"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Orin mẹ́ta ni mo gbọ́ jù lọ́dún yìí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé mi fi ń wọ kíláàsì láràárọ̀. Èmi ni mo kọ́ àwọn òbí wọn ní orin náà, ní Ìdó àti ní Ìkọ̀lé, kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti bà á jẹ́. Wọ́n fo ẹsẹ kejì, wọ́n sì ń pariwo níbi tó yẹ kí wọ́n rọra. Tíṣà wọn a dúró sí ẹnu ọ̀nà, a máa wo fóònù. Síbẹ̀, bí mo bá ti gbọ́ ọ, inú mi a dùn díẹ̀. Àwọn tó fi ipò ọ̀gá iléèwé dù mí ti kú tán, orin náà ò tíì kú.

Ìkejì ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe níwájú ilé mi. Orin ìfẹ́ ni. Ọkùnrin inú rẹ̀ ń ṣèlérí mọ́tò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti wúrà fún ọmọbìnrin kan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kànga ni ọkọ tèmi ṣèlérí. Ó ní òun á gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé kí n má bàa máa bá àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun jà lódò. Ó fi ẹsẹ̀ sàmì sí ibẹ̀, ó tún fi igi gún un. Ó kú, kò gbẹ́ kànga. Bí ọmọkùnrin inú orin náà bá ti dórí mọ́tò, èmi a rántí igi yẹn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ lágbègbè wa lọ́dún yìí. Ó wà nínú mọ́tò tó ń lọ láti Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé, ó wà níbi ìkórè, Áńgílíkà ń kọ ọ́, Kátólíìkì ń kọ ọ́, àwọn oníjó ìsọjí ń fò sókè sí i. Báyìí ló ṣe lọ:

Ayé mi tó di kókó,
Gún un kúnná!
Ilé mi tó di kókó,
Gún un kúnná!
Olúwa, má fi kókó kan sílẹ̀,
Gún un kúnná!

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú wa ló gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú dùùrù. Olóòtú rédíò kan ní ìyá àgbà kan ní Ààyè ló gba orin náà lọ́wọ́ Ẹ̀mí Mímọ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀kọ tó wà lẹ́nu mi dà sílẹ̀. Ìyá àgbà yẹn, ìyáàlé mi ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó gba orin náà, n kò sì rí Ẹ̀mí Mímọ́ nídìí ààrò.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ìyáàlé mi. Ìkọ̀lé ni wọ́n ti bí mi, Ààyè ni mo ti lọ́kọ. Nínú agboolé ọkọ mi, obìnrin tó bá pẹ́ jù nílé náà ló ni iná lọ́jọ́ ìnáwó. Bí wọ́n bá ń se iṣu fún èrò, òun ló máa jókòó ti ìkòkò, òun ló máa fi ọ̀bẹ gún iṣu wò, òun nìkan ló lè sọ pé ó jinná. Bí ó bá sọ ọ́ kalẹ̀, ìyàwó tó kéré kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Yóò gbé abọ́, yóò gba tirẹ̀, yóò lọ síbi odó. Iyán tó bá jáde lódó, orúkọ ẹni tó gún un ló ń jẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè iná.

Níbi ìsìnkú bàbá ọkọ mi ni mo ti kọ́kọ́ bá wọn gúnyán. Mo jẹ́ tíṣà nígbà náà, mo sì ń wọ bàtà lọ sódò, èyí tó ń bí wọn nínú. Ṣùgbọ́n mo mọ iyán gún. Ọmọ Èkìtì wo ni kò mọ̀ ọ́n? Nígbà tó kàn mí, ìyáàlé mi bu iṣu fún mi láti inú ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Ìyáàlé mi," mo ní, "iṣu yìí dà bí ẹni pé kò tíì rọ̀."

"Tíṣà!" ó ní. "Ṣé nínú ìwé lo ti kà á? Gba iṣu rẹ, jàre."

"Ẹ fún un ní rúlà kó fi wọ̀n ọ́n!" ni ẹnìkan kígbe, gbogbo wọn sì fi ẹ̀rín pa mí.

Mo gbà á. Mo gún iṣu náà títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú àwọn àgbà, bàbá kan bu òkèlè àkọ́kọ́, ó jẹ ẹ́, ó dúró, ó sì yọ kókó kan lẹ́nu, ó fi sí etí àwo. Kò sọ̀rọ̀. Ìyáàlé mi ló sọ̀rọ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó yí ìdí, ó sì dá orin kan sílẹ̀ níbẹ̀:

Uyán ìyàwó tíṣà,
Kókó ni!
Ó gún un, ó gún un,
Kókó ni!
Ó mọ ṣọ́ọ̀kì mú, kò mọ ọmọ odó mú,
Kókó ni!
Ẹ wonú odó, ẹ wonú ìyàwó,
Kókó ni!

Ẹ ti gbọ́ ohùn orin náà. Ohùn kan náà ni pẹ̀lú ti rédíò.

Mo lè fi orí ji àwọn ìlà tó ṣáájú. Obìnrin ilé a máa bú ara wọn lórin, ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí n tó dé. Ìlà ìkẹyìn ni n kò lè gbé mì. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi nígbà náà. Ẹlòmíràn lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ìkejì, ìyáàlé mi ló bá mi fọ aṣọ mi lódò. Òun ló gbé mi dìde.

Ọkọ mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo wò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi ẹjọ́ sùn ún, ó ní, "Eré ni wọ́n ń ṣe. Orin obìnrin ilé kì í pa ènìyàn." Òótọ́ ló sọ. Òun ti kú, èmi wà níhìn-ín.

Orin náà bá mi gbé ju òun lọ. Wọ́n kọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ iṣu tuntun. Àwọn ọmọ kéékèèké a máa kọ ọ́ bí mo bá ń lọ síléèwé, wọn a tún jókòó síwájú mi nínú kíláàsì pẹ̀lú ojú angẹli. Nígbà tí mo wá bí ọmọbìnrin mi, ìyáàlé mi ló kọ́kọ́ gbé e jó, orin náà ló sì fi gbé e jó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìyáàlé mi gba Jésù, ó yọ èmi kúrò nínú orin, ó fi Olúwa rọ́pò mi. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ dáadáa.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá ní gbogbo àkókò yẹn: kí ìyáàlé mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, níwájú ẹlòmíràn, pé iṣu náà kò jinná.

Nígbà tí mo gbọ́ lọ́dún yìí pé àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, mo ra ọsàn, mo lọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ní ẹlẹ́rìí nìyẹn.

"Ìyàwó, o wá," ni ìyáàlé mi wí. Mo ti ní ọmọ ọmọ, ìyàwó ni mo ṣì jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo wá, Ìyáàlé mi. Ẹ kú ìnira."

"O gbọ́ orin wa nínú rédíò?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ó dùn, àbí kò dùn?"

"Ìyáàlé mi," mo ní, "iṣu ọjọ́ yẹn. Ṣé ó jinná?"

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì gbé omi sí i lẹ́nu.

"Tíṣà! Iṣu yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ?"

"Orí ahọ́n mi ló wà."

"Gbé e mì, ọmọ ìyá. Ṣé o kò rí i pé ìwọ lo fún mi lórin yìí? Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí ni ǹ bá fi yin Olúwa?"

"Àmín o!" ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ wí, ó sì ń nu omijé ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn ara yín gan-an."

Ìyáàlé mi na ọwọ́. "Bó ọsàn kan fún mi," ó ní. Mo bó o. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè òmíràn. Kí iṣu tuntun tó jáde, ó ti kú.

Wọ́n ṣe ìsìnkú ńlá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gún iyán, ṣùgbọ́n wọ́n ní odó ni kí a lò, kí fídíò lè dára. Wọ́n to odó sójú agbo, àwọn ìyàwó ilé wé gèlè, wọ́n mú ọmọ odó dání. Ìyàwó ọmọ òkú, ẹni tó ṣàmín lọ́jọ́sí, wá kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kù. Ẹ̀yin ni àgbà wa báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orin Màmá fún wa."

Mo dìde. Mo wo àwòrán òkú tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín tí wọ́n rà fún un. Mo ní nínú ọkàn mi pé ó dára. Ìwọ tí o kò sọ ọ́, èmi á sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ. Mo sì gbé e bó ṣe wà ní àtètèkọ́ṣe:

"Uyán ìyàwó tíṣà..."

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe wọ́n bákan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wà lára wọn. Èmi fúnra mi ni mo gbe ègbè àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé ìlà kejì, wọ́n ti gbà á: "Kókó ni!" Ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Mo dé ìlà ìkẹyìn, mo kọ ọ́ ketekete, mo fi ọwọ́ lé ikùn mi. "Kókó ni!" ni wọ́n dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yí ìdí. Àkọ́bí òkú wá lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. "Màmá mọ àwàdà!" ló ń kígbe. Kí oòrùn tó wọ̀, fídíò náà ti wà nínú gúrúùpù ẹbí. Ọmọ ọmọ mi ní tèmi dùn ju ti rédíò lọ.

Kò sí ẹnìkan tó bi mí pé ta ni ìyàwó tíṣà.

Mo lọ jókòó sídìí iná. Ibẹ̀ ni ipò mi báyìí. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé nínú àwọn ìyàwó, nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìdó, gbé abọ́ rẹ̀ wá. Mo fi ọ̀bẹ gún iṣu. Àárín rẹ̀ le.

"Màmá, ẹ bu ú fún un bẹ́ẹ̀," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn mi. "Ebi ń pa àwọn àlejò."

"Kò jinná," mo ní.

"Ó kù díẹ̀ ni, Màmá. Á gún un kúnná."

"Mo ní kò jinná!" Mo sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó wà lódó gbọ́. "Bí iyán bá ní kókó, ẹ bi ẹni tó ni iná."

Nọ́ọ̀sì náà fi orúnkún kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó rò pé mo fẹ́ràn òun ni. N kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ó fi abọ́ mọ́ àyà, ó dúró tì mí kí iṣu rẹ̀ lè rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn kẹ́lẹ́ kọ orin náà. Ti rédíò ló kọ́kọ́ kọ. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí tèmi.