Ọfà Tí Mo Yà sí Ìyá Àgbà

Nílé wa ní àdúgbò Kodjoviakopé, nígbà tí ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ Faransé, èèwọ̀ ni kéèyàn bi ọmọ pé, "Ta ló bí ọ gan-an?" Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní. Ìyá Àgbà, ìyálé, kò bímọ. Òun ló tọ́ mi, òun náà ló taku pé kí wọ́n fi mí sílé-ìwé, ọmọbìnrin tí mo jẹ́. Ìyá tó bí mi wà ní yàrá kejì.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa ya òbìrìkìtì méjì sójú pátákó. Àwa ọmọ wà nínú ọ̀kan, àwọn ìyá wa wà nínú èkejì. Ó ní kí kálukú ya ọfà láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ya méjì sórí síléètì mi, ọ̀kan sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ọ̀kan sọ́dọ̀ ìyá tó bí mi. Ó ní ìbátan ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní fọ́ńsíọ̀n nínú ìṣirò. Ọfà ọmọ mẹ́wàá lè pàdé lọ́dọ̀ ìyá kan, ṣùgbọ́n ọfà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jáde lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí n lọ tún un ṣe nílé.

Ìyá Àgbà rí síléètì mi, ó ní kí n ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lojú rẹ̀ ń le.

"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ta ló rán mètírì tó ń kọ́ yín níṣẹ́? Ṣé kọmáńdàn Faransé ni, àbí ẹnìkan nínú ilé yìí?" Ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá kejì. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí olùkọ́. Kí ló kàn án nílé wa?

"Ìyá tí ọfà kankan ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Àgbà bi mí.

"Wọ́n ní kò burú, mà."

"Kò burú! O ò lọ sí lékòlì yẹn mọ́."

Ni mo bú sẹ́kún. Ìyá tó bí mi jáde. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mú síléètì lọ́wọ́ mi.

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Mo fi hàn án. Ó fi itọ́ ra àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì fi nu ọfà náà kúrò.

"Ọ̀kan ni wọ́n ní kó jẹ́," ó ní. "Ó ti di ọ̀kan. Ẹ gbà, Ìyálé mi."

Ìyá Àgbà gbà á. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, bí ẹni ń wá ibi tí àrékérekè wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló sìn mí lọ sílé-ìwé. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan síléètì náà. Ó gbé e dání títí a fi dé iwájú olùkọ́, ó ní ṣọ́ọ̀kì kì í pẹ́ pa rẹ́.