Bàbá Onílé Di Onílù

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwa mẹ́rin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá dá ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì sílẹ̀. Èmi ni mò ń lu ìlù. Yàrá mi ní Amukoko la ti máa ń kọrin, torí èmi nìkan ni mi ò tíì gbéyàwó. Bàbá onílé, Àlàájì kan tó ti òkè wá sí Èkó, ní orin wa dà bí ìgbà tí wọ́n ń já irin sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Kò parọ́. Ohun tá à ń wá gan-an nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, a yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, a sì gbọ́dọ̀ dá a padà kí ìsìn ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Orí orin karùn-ún la wà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ odó lu ilẹ̀kùn mi, gbàgà, gbàgà. A ò dúró, torí kò sí àyè àtibẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bínú ṣe ń bí i tó, bẹ́ẹ̀ náà ni lílù ẹ̀ ń bá orin lọ.

Nígbà tá a parí, mo ṣílẹ̀kùn, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́," ló wí. "Mi ò fẹ́ rí ẹ níbí mọ́."

Mo kó lọ sí Ijora Badia. Rẹ́kọ́ọ̀dù wa jáde, kò tà, ẹgbẹ́ sì tú ká. Onígìtá wa di pásítọ̀, èmi di ẹni tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù.

Ó tó ọdún méjìlá lẹ́yìn náà kí òyìnbó méjì tó wọ ọ́fíìsì mi ní Creek Road. Wọ́n ní rẹ́kọ́ọ̀dù wa ti di ohun iyebíye nílùú àwọn, àwọn fẹ́ ṣe fíìmù nípa bá a ṣe ṣe é. Wọ́n bi mí léèrè nípa ìlù ńlá inú orin karùn-ún. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ìlù ààfin ayé àtijọ́ ni.

"Ilẹ̀kùn ni," mo dá wọn lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ọ̀kan kọ ọ́ sínú ìwé pé aláwàdà ni mí.

Mo bá ránṣẹ́ sí Bàbá, mo sì mú wọn lọ sí Amukoko. Bàbá ti wọ agbádá funfun dè wá. Ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní, "Ọmọ mi ni gbogbo wọn. Èmi ni mo fún wọn láyè kọrin. Ìlù tẹ́ ẹ sì ń wí yẹn, èmi gan-an ni mo lù ú."

Àwọn òyìnbó wò mí pé kí n túmọ̀ ẹ̀. Mo rò ó títí, mi ò ríbi tírọ́ wà nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn. Mo túmọ̀ gbogbo ẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí fídíò fíìmù náà dé, Bàbá sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ẹ̀. Èmi fara hàn lẹ́ẹ̀kan, mo di agbòjò mú lórí kámẹ́rà wọn kejì.

Ìyàwó mi yíjú sí mi. "Ṣó dá yín lójú pé ẹ̀yin lẹ̀ ń lùlù nígbà yẹn?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá wá sí ọ́fíìsì mi, ó ní ìgbà wo la máa ṣe fíìmù kejì. Mo bi í bóyá ó rántí pé ó lé mi jáde.

"Ta ló máa lé ọmọ ẹ̀?" ló wí.

Mo ra mínírà fún un, a jókòó, a sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti kú ládùúgbò. Mi ò lè sọ ìdí, àmọ́ inú mi dùn pé ó wá.