Bàbá Mi Kọ̀, Kò Gba Inú Igbó

Ní Ìlaròó, Máníjà ni gbogbo ayé ń pe bàbá mi, àní lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì ní báǹkì tó sì ti di àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Òun ni ọ̀gá ní ẹ̀ka báǹkì tó wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí àkókò àtilẹ̀kùn bá ti tó, kò sẹ́ni tí yóò wọlé mọ́. Ọba rán ẹmẹsẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan, ó ní kí ẹmẹsẹ̀ bá òun kí Kábíyèsí, kó padà wá lọ́la. Gbogbo ìlú ń yìn ín fún un. Èmi náà ń yìn ín. Ọmọdébìnrin ni mí, kí ni mo mọ̀?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ. Ìyá wọn kú nígbà tí bàbá mi ṣì ń rá, ẹ̀gbọ́n yìí, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà, ló sì ń pọ̀n ọ́n kiri. Ó ta fùfú ní Ìpókíá, ó ṣẹ́ igi tà, ó fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé. Nígbà tó yá, ó fẹ́ télọ̀ kan ní Ìgoòlò, lódì kejì bodè Ìdí-Ìrókò, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Màmá Ìgoòlò la máa ń pè é. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń rántí? Yorùbá kan náà là ń sọ, àfi pé àwọn ọmọ rẹ̀ a máa ki Faransé bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi lè jẹun àárọ̀ ní Ìlaròó kó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ tọ̀sán. Bó ti wù kí kóòtù tó wọ̀ funfun tó, ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ló fi ń kí i, Màmá á sì gbá a lórí pẹ́: "Máníjà ta ni? Àbí èmi kọ́ ni mo nu imú rẹ?"

Ìgbà tí ìjọba ti bodè ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì àti epo tí wọ́n ń fi ṣe fàyàwọ́ ni. Kò pẹ́, wọ́n tún ní kí ọkọ̀ má gbé bẹntiróò wá sí àwọn ìlú tó sún mọ́ bodè mọ́. Iléepo gbẹ. Ẹ̀gẹ́ àwọn ènìyàn ń rà sóko nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí yóò kó o. Bàbá mi ló wá ń bá àwọn aládùúgbò ṣàlàyé, bí ẹni pé òun ló fọwọ́ sí i: "Ẹ fara dà á. Ìjọba kò lè déédéé ṣe é." Bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa ni àwọn ọlọ́kadà ṣe ń kó ìrẹsì gba inú igbó.

Àárín rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá Ìgoòlò. Àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣe mẹkáníìkì, pè mí lórí fóònù.

"Àbúrò mi, apá àti ẹsẹ̀ òsì kò dáhùn mọ́. Bàbá rẹ ni Màmá ń bèèrè. Jọ̀ọ́, gbé wọn wá."

Ayétòrò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Mo wá epo inú kẹ́ẹ̀gì rà, mo wa ọkọ̀ wálé ní Sátidé, a sì gbéra. Bàbá mi de táì. Ó fi káàdì òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì rẹ̀ sápò àyà, ó gbà pé bí àwọn tó wà ní bodè bá ti rí i, wọn yóò mọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ọmọkùnrin tó gbé ìbọn dá wa dúró ní bodè kò tó àbígbẹ̀yìn bàbá mi lọ́jọ́ orí.

"Bàbá, padà! Kò sọ́nà."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣàìsàn. Máníjà báǹkì ni mí tẹ́lẹ̀, ní Ìlaròó."

"Mo ní padà!"

Ó ti ọwọ́ bàbá mi sẹ́yìn, káàdì náà sì já bọ́ sínú eruku. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó he é, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Àgbàlagbà kan láàárín wọn wá bá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí a pẹ̀yìn dà díẹ̀, kí a bá ọ̀nà oko lọ, pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nìyẹn. Mo sì rí ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà. Àmọ́ bàbá mi ti padà sínú ọkọ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Èmi kọ́ ni n ó gba inú igbó bí olè."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní orúkọ yín ni Màmá ń pè."

"Wọn yóò ṣí i. Bí wọ́n bá ti ṣí i, a ó lọ."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó gbójú kúrò lára mi. "Wa ọkọ̀."

Màmá Ìgoòlò kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mùsùlùmí ni ìdílé ọkọ rẹ̀, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi mẹkáníìkì tún pè: "Ó ti lọ. Sọ fún bàbá rẹ pé ìjọba kí i." Kò fi ọ̀wọ̀ àgbà kún un mọ́.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Wọn ò tíì ṣí i?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ jókòó ní ìkóríta. Ọkọ̀ tó bá ti Ìdí-Ìrókò bọ̀, yóò nàwọ́ dá a dúró, yóò bi awakọ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ ń dá a lóhùn. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n bá a lórí àga ibẹ̀, ó ti kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bodè ṣì wà ní títì.

Níbi ìsìnkú, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ọkùnrin tí kò rúfin rí." Mo jókòó, mo ń fi èékánná họ etí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. A ti ń fún àwọn àlejò lóúnjẹ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi láti Ìgoòlò dé, ẹrẹ̀ mu ún dé orúnkún. Mo gbé oúnjẹ fún un. Ó wo abọ́ náà, ó wò mí.

"Ìrẹsì yìí, ọ̀nà igbó tí mo gbà wá ló gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ìrẹsì rí i gbà. Bàbá rẹ ni kò rí i gbà."

Ó bu yẹ̀pẹ̀ sí ibojì, ó sì wá ọlọ́kadà rẹ̀ lọ.

Wọ́n padà ṣí bodè. Mo wakọ̀ lọ sí Ìgoòlò. Ẹni tó wà lẹ́nu ibodè kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí, ọwọ́ lásán ló jù pé kí n máa lọ. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà, mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ ọkọ̀ kan tó ń tún ṣe. Ìyàwó rẹ̀ jáde pàdé mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ojú ń tì í.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn kò sí nílé."

Mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo rà fún wọn lé e lọ́wọ́, mo sì padà sínú ọkọ̀.